Ṣé O Mọ̀? Páálí Òfìfo, Ìgò Ike àti Ìyanu Tó Wà Nínú Eré Ọmọ Kékeré

Ṣé o mọ̀ pé páálí òfìfo ti gba oyè rí? Ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní The Strong, níbi tí wọ́n ti ń kó ohun ìṣeré àtijọ́ àti tòde òní pa mọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń yan àwọn tó pegedé, tí wọ́n á sì fi oyè dá wọn lọ́lá. Lọ́dún 1998, ọmọlańgidi Barbie àti Lego wọlé. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ lọ́dún 2005, páálí ni wọ́n kéde. Lọ́dún 2008, igi lásán ni, irú èyí tí ọmọ ń ṣà nílẹ̀. Nígbà tó di 2021, ó kan iyanrìn.

Iyanrìn o! Bi ará Agboyi léèrè bóyá iyanrìn wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí odò Ògùn ti ń lọ bá ọ̀sà Èkó ni wọ́n tẹ̀dó sí, lẹ́yìn Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀, apẹja àti àwọn tó ń wa iyanrìn sì pọ̀ láàárín wọn. Agboyi ni mo fẹ́ kó o máa fojú inú wò bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, nítorí pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ lókèèrè pé ó dára fún eré ọmọ tó ń tẹ̀ẹ̀tẹ́, ó kún àgbàlá àwọn ìyá tó wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìgò ike tí a fẹ́ jù nù ti ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ láti gba owó iṣẹ́ tó jọjú? Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1986 sí 1987, Dókítà Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 129 jọ láwọn àdúgbò tí ìyà ti ń jẹ àwọn èèyàn. Ọmọ oṣù 9 sí 24 ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì kúrú ju ẹgbẹ́ wọn lọ nítorí àìjẹunrekánú. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń gba mílíìkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan kò gba mílíìkì, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń wá sílé wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ kan, ó ń bá ọmọ ṣeré, ó sì ń fi han ìyá bí òun náà á ṣe máa ṣe é. Àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn tó kù kò gba nǹkan kan. Ọdún 2 ni wọ́n fi ṣe é.

Báàgì ni òṣìṣẹ́ yẹn ń gbé kọ́ apá. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìgò ike, páálí, àjákù igi àti àwòrán lọ, àwọn nǹkan tí ẹlòmíì ti lò kù tí wọ́n wá sọ di ohun ìṣeré. Á fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá ọmọ. Bó bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì, á kó tàná, á fi òmíràn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn di ẹni ọdún 22, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé padà wá wọn lọ. Paul Gertler wà níbẹ̀, James Heckman tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000 wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn Science ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014: owó tí àwọn tí wọ́n bá ṣeré ń gbà fi ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn kò bá ṣeré lọ. Wọ́n ti lé àwọn ojúgbà wọn tí kò kúrú bá. Mílíìkì ńkọ́? Kò fi ipa kankan sílẹ̀ lórí owó iṣẹ́ wọn.

Kí ìyá kankan má torí èyí gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ o! Ọmọ tí ebi ń pa kò lè ṣeré. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣiṣẹ́ nínú báàgì Jàmáíkà yẹn, màá ní ẹnu ìyá ni. Ìgò ike wulẹ̀ fún ẹnu yẹn ní ohun tó máa sọ ni. Ètò náà ti di èyí tí wọ́n ń pè ní Reach Up báyìí, ó ti dé Bangladesh, Colombia àti Zimbabwe. UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé irú ìmọ̀ràn yìí jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́dún 2012, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé ohun tó wà nínú ilé ni kí ìyá fi bá ọmọ ṣeré.

Ṣé o mọ̀ pé ohun ìṣeré tó ń sọ̀rọ̀ a máa pa òbí lẹ́nu mọ́? Anna Sosa, ní yunifásítì Northern Arizona, fún òbí 26 ní oríṣi ohun ìṣeré mẹ́ta láti fi bá ọmọ wọn ṣeré nílé: èyí tó ń fi bátìrì kọrin, èyí tí kò ní bátìrì, àti ìwé alàwòrán. Oṣù 10 sí 16 làwọn ọmọ náà. Ó gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde níparí ọdún 2015. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kọrin, òbí á dákẹ́, ọmọ náà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ fọhùn. Ìdí ìwé ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ jù, ohun ìṣeré tí kò ní bátìrì ló ṣìkejì. Ìyẹn ni pé ìyá tó ń yan ẹja lẹ́bàá omi, tó ń sọ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Wò ó, èyí gbóná, èyí ti tutù, ìpẹ́ rẹ̀ rí ṣákiṣàki, inú rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́," iṣẹ́ tó ń ṣe ju ti ẹ̀rọ ìkọrin tí wọ́n ń tà lábẹ́ afárá Kétu lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ ojú fóònù náà nìyẹn. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ máa jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá. Ẹni ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá sì kéré sí i, ó dára. Àmọ́ wákàtí 3 ni wọ́n ní kí ọmọ ọdún 1 sí 4 máa fi rìn, kó máa fi fò, kó máa fi gun nǹkan, lójoojúmọ́. Ta ló máa bá ọmọ Agboyi jiyàn lórí ìyẹn?

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ aláìní ni wọ́n dá ilé-ìwé Montessori sílẹ̀ fún? Lónìí, bí o bá rí orúkọ yẹn lára ògiri jẹ́lé-ó-sinmi ní Èkó, ọwọ́ rẹ á kọ́kọ́ lọ sí àpò ná. Ọjọ́ 6 oṣù January ọdún 1907 ni Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ṣí èyí àkọ́kọ́ ní San Lorenzo, àdúgbò tálákà kan nílùú Róòmù, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Àwọn olówó fi ohun ìṣeré olówó ńlá ta ilé-ìwé náà lọ́rẹ. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sídìí wọn. Ohun tó wù wọ́n ni kí wọ́n da omi láti inú ife kan sínú òmíràn, kí wọ́n nu tábìlì, kí wọ́n de bọ́tìnnì. Iṣẹ́ ilé tí a máa ń lé ọmọ kúrò nídìí rẹ̀, òun ni wọ́n ń gba owó gọbọi kọ́ wọn báyìí.

Láti ọ̀dọ̀ Montessori, jẹ́ ká gba ọjà Mile 12 kọjá. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó tòmátò wá láti òkè Ọya, nígbà tí wọ́n bá tú u tán, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń di ìdọ̀tí. Ṣé o mọ̀ pé irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sọ Elinor Goldschmied di ẹni tí àwọn olùkọ́ ọmọ kékeré ń sọ orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì? Ọdún 1910 ni wọ́n bí i, ó sì kú lọ́dún 2009. Ohun tó dá lábàá kò ní idán nínú: gbé apẹ̀rẹ̀ pẹlẹbẹ kan síwájú ọmọ tó ti lè jókòó àmọ́ tí kò tíì máa rìn, kó nǹkan ilé tí kì í ṣe ike sínú rẹ̀, kó o sì jókòó tì í láìdá sí i. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú, kó fi ẹnu tọ́ ọ wò, kó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Nínú apẹ̀rẹ̀ ti wa, màá fi ìgbákọ sí i, màá fi orógùn kékeré sí i, ìdérí ìkòkò tí etí rẹ̀ kò mú, kànrìnkàn ìbílẹ̀ tuntun, igbá kékeré, àwẹ́ aṣọ òfì tó le díẹ̀ àti àǹkárá tó rọ̀, òroǹbó tútù kan tó tóbi, àti ewé efinrin tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa. Efinrin yẹn ni kó o má gbàgbé. Ohun ìṣeré ike tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà kò ní òórùn, bó bá sì ní, kì í ṣe èyí tó yẹ kí ọmọ máa fà símú. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò fúnra rẹ̀, fọ̀ ọ́, sá a sóòrùn, kó o sì gé gbogbo ọparun tó ń yọ ṣónṣó tàbí kó o fi aṣọ bò ó. Bó bá ti ń bu, jù ú nù. Má fi ìjábẹ̀ àti ìgbálẹ̀ sí i, nítorí ojú.

Ṣé o mọ̀ pé ohun ìṣeré mẹ́rin dára ju mẹ́rìndínlógún lọ? Ní yunifásítì Toledo, ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọmọ 36 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 18 sí 30. Nígbà kan, wọ́n kó ohun ìṣeré 4 síwájú wọn. Nígbà kejì, 16. Níbi tó ti jẹ́ 4, ọmọ pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí oríṣiríṣi ọgbọ́n fi dá a lò. Níbi tó ti jẹ́ 16, ńṣe ló ń já èyí sílẹ̀ tó ń mú tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Jàmáíkà ṣe ń pààrọ̀ dípò kí wọ́n máa fi kún un. Kó méjìlá tí o ti ṣe pa mọ́ sórí àjà, mú mẹ́rin wá sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, mẹ́rin àná á ti di tuntun lójú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń fi àmàlà kun ara ń kọ́ ọ̀rọ̀? Àwọn olùṣèwádìí ní yunifásítì Iowa, tí Larissa Samuelson wà lára wọn, gbé oúnjẹ rírọ̀ àti àwọn nǹkan olómi síwájú àwọn ọmọ oṣù 16, wọ́n sì dárúkọ wọn fún wọn. Àwọn tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n jù ú sílẹ̀, tí wọ́n fi ra orí, àwọn gan-an ló tètè mọ orúkọ rẹ̀. Ohun líle, ojú lè fi ìrísí rẹ̀ dá a mọ̀. Ohun tó ń yọ́, tó ń ṣàn, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ fún ọpọlọ. Ọpọlọ náà kì í sì í sùn: àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Harvard ní, ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ìsopọ̀ tuntun tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló ń wáyé nínú ọpọlọ ọmọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, bọ́ aṣọ ọmọ, kó o sì jẹ́ kí èkọ tútù di nǹkan eré. Ẹnì kan á sọ pé fífi oúnjẹ ṣeré kò dáa. Mo gbà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ní ìdí ìkòkò ni kó o lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mọ́ mi jù la dé yìí: ògì. Ṣé o mọ̀ pé ògì tó ti sílẹ̀ nínú ike, tí wọ́n ti da omidùn orí rẹ̀ nù, kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe òkúta? Fi ìka lù ú kíá, á le gbagidi. Rọra ki ìka bọ̀ ọ́, á gbà ọ́ wọlé. Bu u sọ́wọ́, fún un, á di kókó. Tú ọwọ́ sílẹ̀, á ṣàn gba àárín ìka lọ. Sítáàṣì inú rẹ̀ ló fà á. Àwọn hóró kéékèèké rẹ̀ ń léfòó nínú omi díẹ̀. Bí o bá rọra tì wọ́n, wọ́n á yọ̀ kọjá lára ara wọn, bí o bá lù wọ́n lójijì, wọn ò ráyè yẹra, wọ́n á fún pọ̀. Ní òkè òkun, sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fi ṣe é fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì ń fi orúkọ kan pè é tí wọ́n mú láti inú ìwé ìtàn ọmọdé tí Dr. Seuss kọ lọ́dún 1949. Ìyá ológì kò kọ ìwé kankan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń rí ìyanu yìí. Bí o bá fẹ́ fi ṣeré pẹ̀lú ọmọ tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, omi tí o ti sè tó ti tutù ni kó o fi pò ó, kó o sì dà á nù lẹ́yìn eré.

Amọ̀ ìṣeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà nínú ike kéékèèké ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ohun ìfọ-ògiri ni tẹ́lẹ̀? Iléeṣẹ́ Kutol, nílùú Cincinnati, ló ń ṣe é láti fi nu èéfín èédú kúrò lára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tí àwọn èèyàn dẹ́kun lílo èédú, ọjà kú. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tó ń jẹ́ Kay Zufall ló fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ láti fi mọ nǹkan, bí ó ṣe di Play-Doh lọ́dún 1956 nìyẹn. Fùláwà, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tìrẹ, ife fùláwà 2, ife iyọ̀ 1, ife omi 1, òróró ṣíbí kan, pò ó pọ̀ kó dán. Omi zóbò á sọ ọ́ di pupa, ata ilẹ̀ pupa á sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, omi ẹ̀fọ́ á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Iyọ̀ púpọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́, òun náà ló sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá bó bá gbé e mì. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, yọ iyọ̀ kúrò, lò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó o sì jù ú nù.

Ṣé o mọ̀ pé inú agolo ni ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò orin tó lókìkí láyé ti jáde? Àwọn ọ̀dọ́ Trinidad, ní àwọn ọdún 1930, ni wọ́n ń lu agolo bisikí àti agolo ọ̀dà, títí tó fi kan dúrọ́ọ̀mù epo rọ̀bì tó wá di steelpan. Agolo mílíìkì mẹ́ta tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó mú, ọmọ orógùn kan, ìlù dé nìyẹn. Ìgò omi tó mọ́ ńkọ́? Bu ìrẹsì sí ọ̀kan, bu ẹ̀wà sí èkejì, bu gààrí sí ẹ̀kẹta. Ọ̀kan á dún ṣìkìṣìkì, ọ̀kan á dún gbàgbàgbà, ẹ̀kẹta ò ní fi bẹ́ẹ̀ dún. Ọmọ á mọ ìyàtọ̀ wọn kó tó mọ orúkọ wọn. Nínú ìgò kẹrin, bu omi sí ìdajì, fi òróró ẹ̀pà lé e. Bó ti wù kí ọmọ mì ín tó, òróró á padà sókè, nítorí ó fúyẹ́ ju omi lọ. Àwọn baba wa tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ igbá tí wọ́n pè é ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tó ń dún lọ́wọ́ ń jí ara.

Eré bojúbojú pàápàá ní ìmọ̀ nínú. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ mẹ́ta ṣe ẹ̀kọ́: ó ń fi aṣọ bo ohun ìṣeré mọ́lẹ̀, ó sì ń wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Kó tó di nǹkan bí oṣù 8, ọmọ kì í wá ohun tó ti pamọ́. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí aṣọ. Ìdí nìyẹn tí bojúbojú fi ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ìborùn kan ti tó.

Jíjókòó náà ń gba ẹ̀kọ́. Ní Kokwet, abúlé àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, Charles Super kọ ọ́ lọ́dún 1976 pé àwọn ìyá máa ń gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ síbẹ̀, wọ́n á fi aṣọ há a kó má baà ṣubú. Ọmọ wọn sì ń tètè jókòó ju ti àwọn òyìnbó lọ. Páálí tòmátò alágolo tí o fi aṣọ há á ṣe iṣẹ́ kòtò yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìtọ́wò àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ń gbà, ọjọ́ kẹjọ ni? Iyọ̀, oyin, ataare, obì, orógbó, omi, epo: ọjọ́ ìkómọjáde ni wọ́n ń fi kan ọmọ lẹ́nu. Mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń kí ahọ́n ọmọ káàbọ̀ sáyé báyìí. Àmọ́ nǹkan kan ti yí padà tó yẹ kí àwọn àgbà gbọ́: oyin lè ní kòkòrò àìfojúrí kan nínú tí ikùn àgbàlagbà lè borí, ṣùgbọ́n tó lè mú kí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 rọ jọwọrọ, kí mímí sì di ogun fún un. Àwọn dókítà kò fẹ́ kí ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ́ ọ wò. Kí ìyá bá a lá a. Àdúrà kò ní torí ìyẹn má gbà.

Ọ̀rọ̀ ewu tó kù rèé, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po. Òfin Amẹ́ríkà ní ike róbótó kan tí wọ́n fi ń wọn ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 32, ìwọ̀n ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ lè pa ọmọ. Nílé tìrẹ, páálí àárín tíṣù tí wọ́n ti lò tán á ṣe iṣẹ́ náà, ó tún fẹ̀ díẹ̀ sí i, èyí tó dára. Ìdérí ìgò omi á wọ̀ ọ́. Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò á wọ̀ ọ́. Ọmọ ayò, bọ́tìnnì, ẹ̀pà, ẹ̀wà inú ìgò yẹn bí ìgò bá ṣí. Nítorí náà, de ìgò náà dáadáa, fi sẹ́lótéèpù yí ọrùn rẹ̀ po, kó o wá jù ú mọ́lẹ̀ kó o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó kan ọmọ. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà kì í ṣe ohun ìṣeré. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì, èyí tó wà nínú ohun ìṣeré tokunbọ̀ àti rìmóòtù, bí ó bá há sí ọ̀fun, ó lè jó ẹran ara inú láàárín wákàtí 2. Bí ọmọ bá gbé e mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Omi náà dà? Ọmọ Agboyi á fẹ́ràn kí ó bu omi, kó dà á, kó gba inú agolo tí o dá ihò sí ìdí rẹ̀ kọjá. Kò sí eré tó dára tó o. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 ni omi ń gbé jù lọ, omi tí kò sì ga ju ìka àgbà lọ ti tó. Jókòó tì í; bí o bá máa dìde, da omi náà nù. Bí odò bá kún, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1983, sílẹ̀ sínú odò Ògùn, iyanrìn àti páálí tí àgbàrá bá ti kàn, má fún ọmọ. Ẹ̀gbin ṣáláńgá ti wọ̀ ọ́.

Koríko tí wọ́n ń pè ní gbéborùn, èyí tó dé sí omi wa láti apá Bàdágìrì lọ́dún 1984, tó sì ń dí ọkọ̀ lọ́nà, àwọn kan ti ń sá a gbẹ tí wọ́n ń hun ún. Achenyo Idachaba ló fi dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, tó ń fi ṣe apẹ̀rẹ̀ àti àwọn nǹkan ilé mìíràn. Ẹni tó mọ àwọ̀n hun kò ní ṣàìlè fi hun bọ́ọ̀lù fún ọmọ.

Ó tún kù kan. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni eré? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà lọ́dún 2003 sọ ọ́, Èkó sì sọ tirẹ̀ di òfin lọ́dún 2007. Lọ́dún 2024 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 11 oṣù June sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Eré.

Ẹ̀yin aláṣẹ àgbègbè ìdàgbàsókè Agboyi-Kétu, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ní Jàmáíkà, Antigua àti St Lucia, nígbà tí wọn kò lówó láti rán òṣìṣẹ́ lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni wọ́n lọ. Ìgbà márùn-ún tí ìyá ń gbé ọmọ wá, láti oṣù 3 títí di oṣù 18, wọ́n fi fídíò kúkúrú hàn án bó ṣe ń dúró de nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ kan sì ń fi ohun ìṣeré ṣe àpẹẹrẹ lójú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: ọpọlọ àwọn ọmọ náà jí ju ti àwọn tí wọn kò ṣe é fún lọ. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìyá wa ń jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹ gbé páálí kan síbẹ̀, ẹ fi ìgò, igbá àti agolo kún un, kí ẹ sì yan ẹni kan tó máa jókòó sílẹ̀ bá àwọn ọmọ ṣeré kí ìyá wọn rí i. Kò ní ná yín ní owó tó tó ti epo jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì yín fún ọ̀sẹ̀ kan.